Iyùn Tí Ọwọ́ Kò Gbọdọ̀ Kàn

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbọ́ pé bàbá mi fẹ́ lọ wo iyùn nísàlẹ̀ òkun, kò bèèrè bóyá ara bàbá mi le, kò sì bèèrè bí ojú wọn ṣe ń ṣe wọ́n. Ohun tó bèèrè ni pé, "Ṣé èyí tó pọ́n dáadáa ni wọ́n ń rí níbẹ̀, àbí èyí tó ti ṣá?" Ó ní èyí tó pọ́n ni òun fẹ́. Ó na àtàǹpàkò rẹ̀ sí wa, ó ní kí ó má kéré sí i. Láti ọjọ́ náà ni inú ti ń bí mi, bí mo sì ṣe ń kọ èyí, kò tíì rọlẹ̀.

Ẹ óò rí i pé "ó" ni mo ń pè é níhìn-ín, tí mo sì ń pe bàbá mi ní "wọ́n". Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Lójú rẹ̀, orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń kí i, n kì í sì í lè wo ojú rẹ̀. Ojú máa ń tì mí láàárín ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí láti kékeré. Kìlásì kejì ni mo dé ní ilé ẹ̀kọ́ girama tí ìyá mi fi kú, mo sì lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Sùtánà àwọn ará ìjọ wa ni mo ń rán jù, ní yàrá iwájú ilé wa ní Òkìtìpupa. Àwọn oníbàárà mi mọ̀ pé mo lè wọn ènìyàn láti ọrùn dé ẹsẹ̀ láìsọ ju "ẹ yí padà" lọ. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti mú bírò, ojú kì í tì mí. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Amòòkùn ni bàbá mi. Ará etí òkun ni wọ́n. Ìyá mi, ọmọ Ìkálẹ̀, ló sọ wọ́n di ará ilẹ̀. Nígbà èwe wọn, tí gẹdú bá rì sínú odò níbi tí wọ́n ti ń fà á lọ sí Èkó, bàbá mi ni àwọn onígẹdú máa ń pè. Wọn yóò mòòkùn lọ bá a, wọn yóò fọwọ́ wá a nínú ẹrẹ̀, wọn yóò so okùn mọ́ ọn, àwọn tó wà lókè yóò sì fà á jáde. Nígbà tó yá, wọ́n bá àwọn tó ń ri páìpù epo mọ́ abẹ́ òkun ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń gbé sìlíńdà afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti di àgbàlagbà.

Ohun tí àwọn ènìyàn kò mọ̀ ni pé amòòkùn tiwa kì í rí nǹkan kan. Omi odò wa dúdú bí àgbo. Òkun tó wà létí ilẹ̀ wa náà, ẹrẹ̀ ló kún un. Bàbá mi sọ fún mi pé dídì ni àwọn máa ń di ojú àwọn tí àwọn bá ti wọlé, nítorí bóyá èèyàn là á tàbí ó dì í, ọ̀kan náà ni. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe ojú. Wọ́n mọ gẹdú, wọ́n mọ páìpù, wọ́n mọ ẹja tó bá fara gbún wọn kọjá, ṣùgbọ́n wọn ò mọ àwọ̀ ọ̀kankan nínú wọn.

Wọ́n ní ọ̀rẹ́ kan níbi iṣẹ́ páìpù náà, ará erékùṣù Sansibá, lápá ìlà-oòrùn Áfíríkà lọ́hùn-ún. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti jáde nínú omi, tí wọ́n ń fi omi mímọ́ ṣan ẹrẹ̀ kúrò lójú, ọ̀rẹ́ yìí á bẹ̀rẹ̀: nílùú tòun, omi òkun dà bí gíláàsì, iyùn kún ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ọgbà, ẹja aláwọ̀ oríṣiríṣi ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Bàbá mi rò pé irọ́ ni. Nígbà tí ọ̀rẹ́ náà fẹ̀yìn tì, ó padà sílé, ó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé àwọn àlejò lọ wo ọgbà iyùn yìí. Ó máa ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sórí fóònù mi, nítorí fóònù bàbá mi kò lè gbà á. Bàbá mi á gba fóònù náà, wọn á gbé e súnmọ́ ojú, wọn á gbé e jìnnà. "Wọ́n kùn ún ni," wọn á wí. "Kò sí ohun tó pọ́n báyìí nínú omi."

Lẹ́yìn náà la lọ rí dókítà ojú. Àìsàn tó ń jí ìríran gbé díẹ̀díẹ̀ ni dókítà náà ní ó wà lójú bàbá mi. Ojú ọ̀tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Oògùn tí wọ́n ń kán sí i lè mú kí ti òsì pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ti lọ kò ní padà. Èmi àti bàbá mi padà sílé. Nígbà tí mo gbé oúnjẹ wá ni wọ́n wí pé, "Bá mi pe ará Sansibá yẹn. Sọ fún un pé mo fẹ́ wá wò ó."

Owó wà. Wọ́n ti fi díẹ̀ pamọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, wọn ò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí, nítorí ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn sọ lẹ́yìn náà.

Èmi ni mo ń kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ náà, pẹ̀lú gẹ̀ẹ́sì kìlásì kejì mi. Ó ní kí bàbá mi wá kí afẹ́fẹ́ tó yí padà, nítorí tí afẹ́fẹ́ bá ti yí, omi á rú, kò ní mọ́ gaara mọ́. Ó ní nítorí ọjọ́ orí wọn, dókítà gbọ́dọ̀ wo àyà, etí àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Àwọn ò ní jẹ́ kí bàbá mi lọ jìn, etí òkè ọgbà náà ni wọn á wà. Kí wọ́n tó sì wọ òkun rárá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní láti kọ́kọ́ kọ́ wọn bí a ṣe ń mòòkùn, nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì.

"Kọ́ ta ni?" bàbá mi bèèrè.

"Ẹ̀yin ni, Bàbá. Ó ní gbogbo àgbàlagbà ni wọ́n ń ṣe é fún."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi húkọ́. "Sọ fún un pé màá kẹ́kọ̀ọ́. Kí ọmọ náà mú pàṣán dání."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ìmúrasílẹ̀ nìyẹn. Láàárọ̀, wọn á fẹsẹ̀ rìn lọ sí ọ̀nà Igbódigò kí oòrùn tó mú, kí èémí wọn lè gùn. Wọ́n fi tábà sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ náà sì fi gíláàsì ojú amòòkùn kan ránṣẹ́, irú èyí tí wọ́n ti gé dígí rẹ̀ mọ́ ojú àgbàlagbà. Bàbá mi á da omi kún dúrọ́ọ̀mù tó wà lẹ́yìn ilé, wọn á ní kí n ju òwú ìránṣọ sí i, oríṣiríṣi àwọ̀. Wọn á wọ gíláàsì náà, wọn á ki orí bọ omi, wọn á sì yọ orí jáde.

"Pupa ni èyí tó wà lápá ibí. Búlúù wà lábẹ́ rẹ̀."

"Àwọ̀ ewé ni, Bàbá."

"Jù ú sí i padà."

Ojú òsì ni wọ́n fi ń ṣe é. Mo máa ń dúró tì wọ́n, mo sì ń dùn nínú. N kò rí bàbá mi kí wọ́n ṣeré bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ìyá mi ti kú. Ṣùgbọ́n ilé wa kò ní ọgbà. Ẹni tó bá ń kọjá lọ sí ibi ẹ̀rọ omi á rí bàbá arúgbó kan tó ki orí bọ dúrọ́ọ̀mù, tí ọmọ rẹ̀ sì ń ju òwú sí omi láìsọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi dé Ìkọ̀yà.

Ìkọ̀yà ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń gbé. Bàbá Ìkọ̀yà là ń pè é. Ó ní oko ọ̀pẹ, ó ń fún epo, wọ́n sì fẹ́ fi í joyè lọ́dún yìí. Ìgbà tó kọ́kọ́ wá, ọ̀rọ̀ iyùn tó gbọ́ ló gbé e wá, bí mo ṣe sọ. Bàbá mi ní kó jókòó, wọ́n sì fẹ̀sọ̀ ṣàlàyé fún un.

"Ẹ̀gbọ́n, iyùn ibẹ̀ kì í ṣe fún mímú. Ọwọ́ ò gbọdọ̀ kàn án. Ó wà láàyè."

"Kí ló wà láàyè?"

"Iyùn náà ni. Ó ń dàgbà. Ó ń jẹun."

Bàbá Ìkọ̀yà wò mí, bí ẹni pé kí n bá òun mú bàbá mi lọ sí ilé ìwòsàn. "Iyùn tó wà lọ́rùn ọba ń jẹun? Kí ló ń jẹ, ẹ̀bà?"

"Kì í ṣe èyí tó wà lọ́rùn ọba, Ẹ̀gbọ́n. Ìyẹn ti kú. Èyí tó wà nínú omi..."

"Ẹ̀yin ará omi!" Ó dìde. "Mo fún ọ ní àbúrò mi. N kò gba nǹkan gidi kan lọ́wọ́ rẹ. Ìgbà tí mo wá fẹ́ joyè, o ní iyùn ń jẹun."

Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo fẹ́ jáde sọ fún un pé bàbá mi ló tún ilé ìyá rẹ̀ ṣe, pé bàbá mi ló tọ́jú àbúrò rẹ̀ yẹn títí ó fi mí èémí ìkẹyìn. Mo di ilẹ̀kùn mú, n kò sì jáde.

Nígbà tí iyùn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ló gbé dìde. Ó ń bi àwọn ènìyàn pé ẹni tó ń lọ sábẹ́ òkun, tí kò ní mú nǹkan bọ̀, kí ló lọ ń ṣe níbẹ̀? Ó fún ara rẹ̀ lésì: ó lọ gbé nǹkan síbẹ̀ ni. Kí wá ni ó lọ gbé síbẹ̀? Ó ní kí wọ́n wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ tó ti tó ilé ọkọ, tí kò lọ. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀. Ó ní omi ti dì mí lẹ́nu tipẹ́, ìyókù ni bàbá mi fẹ́ lọ fà lé àwọn ẹ̀mí inú omi lọ́wọ́.

Mo gbọ́ ọ lẹ́nu oníbàárà kan tó wá gba sùtánà rẹ̀. Obìnrin náà ń fi ojú àánú wò mí. Abẹ́rẹ́ gún mi lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ sì kán sí aṣọ funfun náà. Èmi tí ojú ń tì, tí n kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rí pé bàbá mi ń fi ọmọ ṣòwò! Mo fọ aṣọ náà títí ọwọ́ mi fi bó.

Lọ́jọ́ ìsinmi, wòlíì ìjọ wa dìde, ó ní ìran kan wá nípa bàbá kan tí omi ń pè, òun àti ọmọ rẹ̀. Àwọn ará ìjọ ké àmín. Èmi mọ ìran yẹn. Ọ̀kadà ló gùn wá láti Ìkọ̀yà lọ́jọ́ Sátidé, mo rí i nígbà tó sọ̀kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé wòlíì, ó gbé kẹ́ẹ̀gì epo pupa dání. Ṣùgbọ́n bàbá mi gbàgbọ́. Wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n kúnlẹ̀. Ẹni tí kò bẹ̀rù òkun rí! Ohun tó dùn mí jù nìyẹn.

Wòlíì ní kí a wá wẹ̀ nínú odò, kí a sì wà lábẹ́ ààbò nínú ilé ìjọ títí ìgbà tí ewu náà á fi kọjá. Ìgbà tí wòlíì dá jẹ́ ìgbà tí ọ̀rẹ́ bàbá mi ní omi ṣì mọ́. Tí a bá fi máa jáde, afẹ́fẹ́ á ti yí.

A lọ sódò. Àwọn ará ìjọ tò sétí omi nínú aṣọ funfun, èmi ni mo rán púpọ̀ nínú wọn. Wòlíì lu agogo, ó gbàdúrà gan-an, n kò lè purọ́ mọ́ ọn. Ó ní kí bàbá mi wọlé dé àyà, kí wọ́n ri orí bọ omi. Bàbá mi wọlé. Wọ́n ri orí bọ ọ́. Wọn ò jáde.

Àwọn obìnrin kọ́kọ́ ń kọrin lọ. Nígbà tó yá, orin náà rọlẹ̀. Ẹnìkan pariwo "Jésù!" Bàbá Ìkọ̀yà, tó ti dúró nítòsí omi kí ó lè ríran dáadáa, fi ẹ̀yìn rìn gun òkè bèbè odò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn omi kúrò lẹ́sẹ̀ bí ẹni tí èèrà bò. Èmi ò bẹ̀rù. Mo mọ bí èémí bàbá mi ṣe gùn tó.

Wọ́n yọ jáde lápá òdìkejì odò, láìmí gúlegúle, wọ́n sì rọra lúwẹ̀ẹ́ padà.

"Bàbá!" Wòlíì ló ké. "Kí lẹ rí nísàlẹ̀ ọ̀hún?"

"Mi ò rí nǹkan kan."

"Iwájú Ọlọ́run la wà o. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí."

"Òun náà ni mo sọ." Bàbá mi fọwọ́ nu ojú wọn. "Wòlíì, ẹ̀yin jókòó sórí àga, ẹ ń rí ohun tó wà lọ́run. Èmi wà nínú omi láti kékeré títí mo fi darúgbó, mi ò mọ bí inú rẹ̀ ṣe rí. Dúdú ni. Dúdú ni nígbà yẹn, dúdú náà ni báyìí. Ojú kan ṣoṣo ló kù fún mi, òun náà sì ń lọ. Mo ní kí n fi wo ibi tí omi ti mọ́ kí ó tó lọ tán. Kò sí nǹkan tó ń pè mí. Èmi ni mò ń pe ara mi."

Ọ̀dọ́ ni wòlíì sí bàbá mi, ojú sì tì í díẹ̀, mo mọ ojú títì tí mo bá rí i. Ó na ọwọ́ sí bàbá mi. "Ẹ gòkè wá, Bàbá. Òtútù á mú yín." Ó wá kọjú sí àwọn ènìyàn, ó ní, "N kò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú èyí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ sílé."

"Ọmọ ńkọ́?" Bàbá Ìkọ̀yà ké láti orí bèbè. "Wòlíì, ọmọ yẹn ò tíì yanu! Ẹ ní kó sọ̀rọ̀!"

Gbogbo ojú bá yí sí mi. Ọ̀rọ̀ wà nínú mi, ó pọ̀, ó gbóná, ó dé ọ̀nà ọ̀fun, ó sì dúró. Mo ń wo omi. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. "Ẹ ò rí i," ni Bàbá Ìkọ̀yà wí. "Ẹ ò rí i báyìí."

Nígbà tí a délé, bàbá mi bọ́ aṣọ tútù, wọ́n jókòó. "Kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ mi. Sọ fún un pé mi ò wá mọ́."

"Kí ló dé? Wòlíì ti ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀."

"Ti wòlíì kọ́. Orúkọ rẹ ni. Tí mo bá lọ, wọ́n á ní mo ti tà ọ́. Ta ló máa wá fẹ́ ẹni tí wọ́n ní omi dì lẹ́nu?"

Mo gbé aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó dúró sí mi lọ́fun létí odò náà, inú ilé ló ti jáde.

"Omi ò dì mí lẹ́nu. Bàbá Ìkọ̀yà ni mi ò fẹ́ bá sọ̀rọ̀! Ó fẹ́ iyùn, kò rí i, ó wá sọ mí di ẹbọ. Ẹ̀yin náà wá fẹ́ gbà fún un? Tí ilẹ̀ bá ṣú sí yín lójú nínú ilé yìí, tí ẹ ò rí nǹkan kan rí, èmi ni ẹ ó máa wò bí ẹni tó dá yín dúró. Àbí ẹ ò tilẹ̀ ní lè wò mí. Mi ò gbà, Bàbá. Ẹ má fi mí ṣe àwáwí."

"Ọkọ ńkọ́?"

"Ẹni tí kò bá fẹ́ràn ariwo nínú ilé á wá."

Bàbá mi wò mí títí. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mì wọ́n léjìká. "Irú èyí lo ní lẹ́nu," ni wọ́n wí, "tí o jẹ́ kí wọ́n máa mi orí létí odò."

Ọ̀rọ̀ ti tán nínú mi. Mo mú fóònù. Ọ̀rọ̀ kíkọ ni mo máa ń fi ránṣẹ́ sí ará Sansibá náà. Lọ́jọ́ yẹn, mo tẹ ibi ohùn. Mo sọ fún un pé bàbá mi ń bọ̀ kí afẹ́fẹ́ tó yí, pé dókítà ti wo àyà àti etí wọn, pé wọ́n á gba ẹ̀kọ́ nínú omi òtẹ́ẹ̀lì, pé ẹ̀gbẹ́ ojú òsì wọn ni kí ẹni tó bá ń mú wọn lọ máa dúró sí. Gẹ̀ẹ́sì mi ń kọsẹ̀. Mo sọ ọ́ dé òpin. Ó fi ohùn dáhùn lójú ẹsẹ̀: "Ta nìyí? Láti ọjọ́ yìí, mo rò pé ọmọkùnrin rẹ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀!"

Àwọn kan ṣì ń wò mí wò mí ní ìjọ. Obìnrin kan ti gba aṣọ rẹ̀ tí n kò tíì rán tán, ó gbé e lọ fún télọ̀ mìíràn. Kí ó máa lọ.

Lọ́jọ́ tí bàbá mi ń lọ, mo bá wọn gbé ẹrù dé gáréèjì, kí wọ́n lè wọ ọkọ̀ lọ bá bàálù ní Èkó. Wọ́n bẹ ọkùnrin kan pé kí ó bá àwọn pààrọ̀ ìjókòó, kí fèrèsé lè bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ojú òsì. Wọn ò tíì jókòó tán tí fóònù mi fi dún. Bàbá Ìkọ̀yà ni.

"Ṣé ó ti lọ? Sọ fún un, kódà ẹyọ kan ṣoṣo. Èyí tó bá ti já bọ́ fúnra rẹ̀."

"Wọn ò ní mú un bọ̀, sà."

"Kí lo wí?"

Àwọn èrò yí mi ká, awakọ̀ ń pe ẹni tó kù, ojú sì ń tì mí gan-an.

"Mo ní wọn ò ní mú un bọ̀. Wọ́n lọ wò ó ni."